Àga Ọ̀rẹ́ Mi ní Lọ́ńdọ̀nù

Ọjọ́ kan náà ni wọ́n fún èmi àti ọ̀rẹ́ mi ní físà. Mo kọ́kọ́ sọ èyí nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ọ̀wọ̀ ṣì rò pé wọn kò fún un ni kò jẹ́ kó lọ. Wọ́n fún un. Ó wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀ títí ọjọ́ rẹ̀ fi kọjá, pẹ̀lú fọ́tò tí ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kí ayàfọ́tò tó sọ fún un pé wọn kì í rẹ́rìn-ín nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni àwa méjèèjì, ìlú tí àwa onílé ń pè ní Ọ̀ghọ̀ tí kò bá sí àlejò nítòsí. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní káńsù, ìyá mi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìsùàdà, ìjọ Áńgílíkà sì ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún mi. Mùsùlùmí ni ìdílé ọ̀rẹ́ mi, ilé wọn sì wà láàárín ìgboro, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀. Iwájú ilé náà gan-an ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, débi pé bí ènìyàn bá fẹ́ wọlé kí wọn, àárín pákó ni yóò gbà kọjá. Ìyá ọ̀rẹ́ mi ti ṣaláìsí nígbà tí ọ̀rẹ́ mi wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Òun ni àkọ́bí, àbúrò mẹ́ta ló sì tẹ̀ lé e.

Fáyólìn, gòjé àwọn òyìnbó, ló so wá pọ̀. Nígbà tí a wà ní ilé-ìwé girama, olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní mẹ́rin nílé, ó sì máa ń kọ́ ẹni tó bá wù ní ọjọ́ Sátidé, nínú yàrá tí àwọn akọrin ti ń wọṣọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi, ó bá mi lọ lẹ́ẹ̀kan, kò sì yéé lọ mọ́. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi lọ bá bàbá rẹ̀ pé kí ló dé tí ọmọ rẹ̀ ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bàbá náà gba fáyólìn lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó gbé e sétí, ó fi ìka kàn án lẹ́yìn bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, ó ní:

“Igi ni. Igi kò ní ẹ̀sìn.”

Lẹ́yìn náà ló rí i pé ọ̀kan nínú àwọn èèkàn kékeré tí wọ́n ń fi ń fa okùn rẹ̀ le ti kán. Ó fa èèkù àdá àtijọ́ kan yọ lábẹ́ tábìlì, ó gbẹ́ èèkàn tuntun láti ara rẹ̀ lójú wa, ó sì fi òróró pa á títí tó fi ń dán. Èèkàn náà kò yẹ̀ títí a fi parí ilé-ìwé girama.

Ọdún kan péré ni mo fi mọ fáyólìn jù ú lọ. Nígbà tó di ọdún kejì, ó ti fi mí sílẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀, n kò ní parọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó wá di ohun tí mo fi ń yangàn. Bí àlejò bá dé sí yàrá náà, èmi ni máa ń sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí ó ta fún wọn gbọ́.

A jọ wọ yunifásítì kan náà, ẹ̀ka kan náà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní eré orí ìtàgé àti orin. A jọ gbé yàrá kan. Ní ọdún kẹta wa, ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin tó ń kọ́ wa ní ìtàn orin dé sí kíláàsì, ó sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kan tí Ọlọ́run ti ṣe fún ti gbà láti rán ènìyàn mẹ́wàá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí wọ́n lọ wo eré ní tíátà, kí wọ́n sì gbọ́ ọ́kẹ́sírà tó pé ọgọ́rin ènìyàn. A ṣe ìdánwò. Orúkọ ọ̀rẹ́ mi ló ṣáájú. Tèmi ló ṣe ìkẹsàn-án.

Láti ọjọ́ náà, orí bẹ́ẹ̀dì ni a ti ń rin ìrìn àjò náà. Ó máa ń dùbúlẹ̀ lókè, èmi ní ìsàlẹ̀, a ó máa sọ ohun tí a ó wọ̀ àti bí òtútù yóò ṣe mú wa tó. Ohun kan ló wù ú jù. Kì í ṣe orin náà fúnra rẹ̀. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, fèrè dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń dún ohùn kan ṣoṣo, gbogbo àwọn tó kù yóò sì máa wá ohùn yẹn pẹ̀lú irinṣẹ́ wọn títí gbogbo wọn yóò fi bá a. A ti gbọ́ ọ lórí fóònù àìmọye ìgbà. Ó ní fóònù kì í gbé ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ jáde.

“Mo fẹ́ kó gba inú àga wọ inú eegun mi,” ó sọ bẹ́ẹ̀. “Ìwọ ṣáà jókòó tì mí, má bá mi sọ̀rọ̀ nígbà náà.”

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin, a ti wálé sí Ọ̀wọ̀ láti kí àwọn òbí wa pé ó dàbọ̀. Ìyá mi ń yan ẹja fún mi, bí ẹni pé n kò ní rí oúnjẹ jẹ lọ́hùn-ún. Fóònù mi dún. Ohùn ọ̀rẹ́ mi ni, ṣùgbọ́n ó lọ sílẹ̀ jù.

“Máa bọ̀ ní ọsibítù,” ó ní. “Ọwọ́ Bàbá.”

Ẹ̀rọ ìlagi ló gé e. Bàbá náà ń kánjú parí ilẹ̀kùn kan kí ó lè ráyè sin ọmọ rẹ̀ dé pápákọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà, pákó yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ìka mẹ́ta sì bá a lọ, ní ọwọ́ ọ̀tún. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, wọ́n ti di ọwọ́ náà ní aṣọ funfun, ó sì ń wo àjà bí ẹni ń ka pákó tó wà lókè. Ọ̀rẹ́ mi jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀jẹ̀ wà lára bùbá rẹ̀ láti èjìká dé ìdí.

Kò pẹ́ tí bàbá náà fi rí mi. Ó ní, “Ó dáa tí o wá. Bá mi sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ kó lọ di ẹrù rẹ̀.”

“Bàbá, n kò lọ,” ọ̀rẹ́ mi dáhùn.

“Kí lo fẹ́ ṣe níbí? Ìwọ ni dókítà?”

“Ta ni yóò máa fún yín lóúnjẹ? Ta ni yóò máa fọ aṣọ yín?”

“Àbúrò rẹ ń bẹ.”

“Ọmọ ọdún mọ́kànlá, Bàbá?”

Bàbá náà fi ọwọ́ òsì bo ojú. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò tíì gbàgbé, tí kò sọ fún èmi tàbí fún ọmọ rẹ̀, bí kò ṣe fún ara rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀rọ gé ìka mi, ó sì gé ọ̀nà ọmọ mi.”

Ọ̀rẹ́ mi sìn mí dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù. Mo sọ fún un pé èmi náà kò ní lọ. Inú bí i. Ó di apá mi mú, ó mì mí.

“Kí o jókòó nílé ṣe kí ni? Kí àwa méjèèjì máa wo ara wa lójú? Lọ. Bá mi wò ó. Bá mi gbọ́ ọ.” Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ojú rẹ̀ sì kún fún omi. “Má fi àga mi fún ẹnikẹ́ni o.”

Mo rò pé àwàdà ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwàdà.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe jẹ́ mẹ́sàn-án tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Wọ́n ti san owó gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tíátà àti orin sílẹ̀ ní mẹ́wàá mẹ́wàá, kò sì sí ẹni tí wọ́n lè fi rọ́pò rẹ̀ nítorí físà. Orúkọ wa ni ọ̀jọ̀gbọ́n wa fi pín àga, orúkọ tèmi àti tirẹ̀ sì ti wà pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Níbi gbogbo tí a dé fún ọjọ́ mẹ́wàá, àga kan ṣófo ní apá ọ̀tún mi.

N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé Lọ́ńdọ̀nù. Ó tutù, ó sì dára. Òjò ibẹ̀ kì í kéde ara rẹ̀ bíi tiwa. Ènìyàn yóò ṣàdédé rí i pé aṣọ òun ti tutù ni. Àwọn mẹ́jọ tó kù jẹ́ ọmọ dáadáa, wọ́n sì ń ṣe dáadáa sí mi, ṣùgbọ́n Yorùbá ilé-ìwé ni a jọ ń sọ. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi sọ “ilé” dípò “ulé” tí ìyá mi fi tọ́ mi. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ahọ́n lè ṣàárò. Bí mo bá rí ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín, èdè Ọ̀ghọ̀ ni yóò kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu, n ó sì gbé e mì padà.

Eré tí a kọ́kọ́ lọ wò, inú ilé ìdáná ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Obìnrin kan jókòó sórí ìtàgé, ó ń bó ọ̀dùnkún òyìnbó, ọ̀dùnkún gidi, ó ń jẹ́ kí èèpo rẹ̀ máa bọ́ sínú abọ́ kan, kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, ọkọ rẹ̀ wọlé, ó bi í léèrè ohun kan, obìnrin náà kò gbé ojú sókè. Ohun tí mo rí ni pé ó ń bó o nípọn jù, bí ìyàwó ilé tí kò tíì mọ iṣẹ́ ọ̀bẹ. Mo yíjú sí ọ̀tún láti sọ ọ́. Aṣọ pupa tí wọ́n fi bo àga ni mo rí.

Ní ọjọ́ kẹta, a lọ gbọ́ orin ní ọ̀sán. Àwọn tó ń ta fáyólìn níbẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ, ilé náà sì kéré, ó kún dẹ́nu. Bàbá òyìnbó àgbàlagbà kan tó mú ọ̀pá lọ́wọ́ wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó tẹrí ba díẹ̀, ó bi mí bóyá ẹnìkan ló ni àga náà.

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń bọ̀.”

Ó dúpẹ́, ó padà lọ fara ti ògiri lẹ́yìn. Mo ń gbọ́ orin náà, ẹ̀yìn mi sì ń jó mi bí ẹni pé ẹnìkan gbé iná sí i. Nígbà tí a jáde, ọ̀jọ̀gbọ́n wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Ta ló ń bọ̀?”

Mo ń di bọ́tìnnì kóòtù mi.

“Bàbá yẹn dúró fún wákàtí kan àti ààbọ̀, ọmọ mi. Mo ń wò ó.”

“Ẹ má bínú, mà. Ó ní kí n má fi fún ẹnikẹ́ni.”

Ó wò mí, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Mo mọ̀ pé ó ń dùn ọ́. Ó ń dun èmi náà. Òun ló mọ̀ ọ́n jù nínú gbogbo yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí ìdúró kò mọ ìyẹn.” A jọ rìn dé ibi ọkọ̀, ó sì di ọwọ́ mi mú títí a fi débẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ ni mò ń fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù. Mò ń sọ gbogbo rẹ̀ fún un: aṣọ àwọn òṣèré, iye fáyólìn, bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń wúkọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí orin bá dá dúró. Tirẹ̀ kúkurú ni. “Bàbá ti jẹun.” “Wọ́n pààrọ̀ bàǹdéèjì.” “O ṣeun.” Mo rò pé iṣẹ́ ló pọ̀ fún un. Mo tún ń sọ sí i, mò ń fi fọ́tò kún un.

Ọjọ́ Àìkú ni ọ́kẹ́sírà ńlá náà, ní agogo mẹ́ta ọ̀sán. Gbọ̀ngàn náà ga débi pé mo ń wo òkè rẹ̀ títí ọrùn fi dùn mí. Àwọn olórin ọ́kẹ́sírà ń wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aṣọ dúdú, wọ́n ń jókòó, wọ́n ń tún ìwé orin wọn tò. Mo mọ ohun tó kù kó ṣẹlẹ̀. Mo yọ fóònù, mo pè é. Ó dún títí, mo ti rò pé kò ní gbé e.

“Ẹ̀ẹ̀n?” ó ní.

“Má sọ̀rọ̀. Gbọ́.”

Mo gbé fóònù sókè. Fèrè dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ náà dún. Àwọn fáyólìn gbà á, lẹ́yìn náà àwọn ńlá tí wọ́n ń fi sáàárín orúnkún, lẹ́yìn náà àwọn tó ga ju ènìyàn lọ tí wọ́n ń dúró ta. Òótọ́ lọ̀rẹ́ mi sọ. Ó ní ìsàlẹ̀. Ó gba orí ilẹ̀ wá, ó gba ẹsẹ̀ àga, ó wọ inú ìbàdí mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìmọ ìgbà tí omi bọ́.

Ọwọ́ kan kàn mí léjìká. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ni, ọ̀kan nínú àwọn tó ń wo tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ kóòtù dúdú tí wọ́n fi bọ́tìnnì pupa sí. Ó sọ fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì jẹ́jẹ́ pé kí n pa fóònù. Mo gbé e sétí kíákíá, mo ní, “Mo ń bọ̀, n ó pè ọ́ padà,” mo sì pa á. N kò gbọ́ kí ọ̀rẹ́ mi sọ ohunkóhun.

Nígbà tí wọ́n sinmi ní àárín, obìnrin náà padà wá bá mi.

“Ọmọ ibo ni ọ́ nílẹ̀ Yorùbá?”

“Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí, mà.”

“Èmi, Ìjẹ̀bú ni.” Ó rẹ́rìn-ín. “Má bínú pé mo dí ọ lọ́wọ́. Iṣẹ́ ni. Ìyá rẹ lo ń pè?”

Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ọwọ́ bàbá, físà, àga. Ó gbọ́ ọ ní ìdúró, ojú rẹ̀ sì ń lọ sí ẹnu ọ̀nà ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan nítorí ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó wo àga náà, ó mi orí.

“Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí,” ó ní. “Bí orin bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, a ó tilẹ̀kùn, a ó dúró síta. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti ń gbọ́ gbogbo wọn.”

Mo dìde. N kò mọ ohun tó gbé mi dìde. Mo ní, “Àǹtí, ẹ jókòó síbí. Ẹ jọ̀ọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.”

Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn àga náà bí ẹni ń fọwọ́ kan aṣọ tó wù ú ní ọjà. Ó ní, “Wọn yóò lé mi.” Agogo dún pé kí gbogbo ènìyàn padà sí ìjókòó. Ó ń lọ, ó tún yíjú padà. “Nígbà tó o bá délé, bá mi kí wọn,” ó wí, láìsọ àwọn wo ni. Nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn, mo mọ ibi tó dúró sí ní ẹ̀yìn rẹ̀, n kò sì lè yéé ronú nípa rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ọ̀rẹ́ mi kò dá ohùn mi lóhùn mọ́.

Mo dé Ọ̀wọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì tí a padà. Mo kó àwọn ìwé ètò tí wọ́n ń pín ní ẹnu ọ̀nà tíátà àti gbọ̀ngàn orin dání, méjì méjì ni mo gbà á, tirẹ̀ àti tèmi. Mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú aṣọ funfun, ó ń sọ ohun tí ó yẹ kó ṣe fún un, ọ̀rẹ́ mi sì ń fi ayùn rẹ́ pákó. Ó ti mọ̀ ọ́n díẹ̀. Bàbá náà rí mi, ó kí mi tayọ̀tayọ̀ jù, ó dìde, ó sì wọlé lọ.

“Mo kó nǹkan wá fún ọ,” mo ní.

“Ẹ gbé e síbẹ̀.”

Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa. Ọmọ ọdún kan náà ni wá. Oṣù méjì ló fi jù mí.

“Kí ló dé?”

“Kò sí nǹkan kan. Ẹ ṣé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ yìí, oníṣẹ́ ń bọ̀ wá gbé e.”

Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó fi “ẹ” kọ́ ògiri sáàárín wa, ògiri náà sì múlẹ̀ dáadáa. Mo gbé àwọn ìwé náà sórí pákó kan, mo sì gba àárín ìyẹ̀fun igi jáde. Kò padà sí yunifásítì ní sáà yẹn, kò sì padà mọ́. Àwọn àbúrò rẹ̀ ló tọ́ jáde ní ilé-ìwé.

Mo parí tèmi. Mo ṣe agùnbánirọ̀ fún ọdún kan, mo padà sí Ọ̀wọ̀, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní orin títí dòní. Bàbá ọ̀rẹ́ mi kú ní ọdún kan tí mo wà ní òkè òkun lẹ́ẹ̀kejì, fún ẹ̀kọ́ kúkurú kan. Wọ́n ti sin ín kí n tó gbọ́. Mo tún gbọ́ pé ọ̀rẹ́ mi ti lọ́kọ sí Òkèlúsè, ní ọ̀nà Ọ̀sẹ́, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, ó ń ṣe ilẹ̀kùn, fèrèsé àti bẹ́ǹṣì fún àwọn ilé-ìwé. Àwọn ènìyàn ní kò sí káfíńtà ọkùnrin tó lè bá a dọ́gba. Mo máa ń gbé fóònù láti pè é, n ó sì gbé e sílẹ̀.

Ní Sátidé kan ní ìgbà òjò tó kọjá, mo jí, mo sì wọ ọkọ̀ Òkèlúsè. A kọjá Ìmọ́rù, ẹrẹ̀ pọ̀ lọ́nà, ẹ̀gẹ́ wà lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbójú sókè, ó wò mí pẹ́. Ó ti sanra díẹ̀. Ó fi ìborùn dúdú wé orí, ó fi pẹ́ńsùlù há etí.

“Ìwọ nìyẹn?” ó ní. “Ebi ń pa ọ́?”

A jẹ iyán. Ó fi àwọn ọmọ rẹ̀ méjì hàn mí. A sọ̀rọ̀ nípa òjò, nípa oko ọkọ rẹ̀, nípa olùkọ́ wa àtijọ́ tó ti di arúgbó. Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá kò jáde. Nígbà tí ó sìn mí dé ibùdókọ̀, ọkọ̀ Ọ̀wọ̀ kò tíì kún, a sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan tí òun fúnra rẹ̀ ṣe.

“Ìgbà tí o pè mí lọ́jọ́ yẹn,” ó ní lójijì, “wọ́n ń tú ojú egbò Bàbá. Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń gbọ́ igbe rẹ̀. Bàbá mi kì í ké. Mo gbé fóònù nítorí mo rò pé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Ìwọ sì gbé orin sí mi létí.”

Mo yíjú sí i.

“Èé ṣe tí o kò sọ fún mi?”

“Kí n sọ kí ni? Kí n ní má gbádùn ara rẹ? Èmi ni mo ní kí o lọ.” Ó fi àtàǹpàkò fa ìlà kan lára bẹ́ǹṣì. “Mo gbọ́ ọ, ìyẹn gan-an ló burú. Mo gbọ́ ọ pọ̀ mọ́ igbe náà. Ọdún mẹ́ta ni n kò lè fetí sí orin kankan, ì báà jẹ́ lórí rédíò.”

“Má bínú.”

“Mo ti bínú tán.” Ó wò mí, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ó yá, sọ ọ́ fún mi. Gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ ò tíì kún.”

Láti ọdún wọ̀nyí wá, kò sí ohun tí mo fẹ́ jù ìyẹn lọ. Mo lanu. Mo sọ nípa bàbá òyìnbó tó mú ọ̀pá lọ́wọ́, tó fara ti ògiri. Mo sọ nípa obìnrin tó ń bó ọ̀dùnkún nípọn jù, a jọ rẹ́rìn-ín. Mo sọ nípa obìnrin Ìjẹ̀bú tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tó bi mí pé orin náà ńkọ́, mo wá a nínú ara mi, n kò rí i. Mo rántí àga òfo tó wà lọ́tùn-ún mi. Mo rántí aṣọ àga náà, bí ó ṣe rí lọ́wọ́. Mo sọ fún un pé n kò rò pé mo gbọ́ orin kankan ní Lọ́ńdọ̀nù, àfi ìṣẹ́jú kan péré, ìyẹn náà ni mo sì fi ránṣẹ́ sí i.

Ó gbé ọwọ́ lé orí ọwọ́ mi. Ọwọ́ rẹ̀ le bí pákó, ó gbóná.

Àwọn obìnrin méjì dé pẹ̀lú àpò gààrí, ọkọ̀ kún. Awakọ̀ ń pariwo pé Ọ̀wọ̀ ku ẹnìkan. Ọkùnrin kan sì ti dúró ní òdìkejì ọ̀nà, ó ń ju ọwọ́ sí ọ̀rẹ́ mi, ó fẹ́ kó wá wọn ojú ilẹ̀kùn ilé tí ó ń kọ́. Mo wọlé, mo jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Mo bẹ awakọ̀ pé kó dúró díẹ̀ sí i. Ó ní òjò ń bọ̀, ọ̀nà kò dára, ó sì tẹ iná ọkọ̀ náà. Nígbà tí mo yọjú, ọ̀rẹ́ mi ti ń sọdá títì lọ bá oníbàárà rẹ̀, ó ti fa pẹ́ńsùlù yọ létí.